Oró Inú Kóró, Epo Inú Ìgò

Kóró lárà lẹ́wà lójú. Ó ń dán, ó ní tótòtó bí ẹyin awó, ọmọdé tó bá rí i nílẹ̀ á fẹ́ fi ṣeré. Inú rẹ̀ ni ricin wà, ọ̀kan lára oró tó le jù lọ tí ewéko ń mú jáde. Peter Hermann Stillmark, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà náà ní Yunifásítì Dorpat, ìlú tí à ń pè ní Tartu ní Estonia lónìí, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé lọ́dún 1888. Ní 1978, ẹnì kan tí wọn kò rí mú fi nǹkan gún Georgi Markov, òǹkọ̀wé ọmọ Bulgaria, nítan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bọ́ọ̀lù irin tí kò ju orí píìnì lọ ni wọ́n bá nínú ẹran ara rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ricin sì ni àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé ó wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, epo tí wọ́n ń fún lára kóró yìí kan náà ló tò sórí pẹpẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì wa. Àwọn ìyá wa ń mu ún láti fi wẹ inú, àwọn ọmọ wọn obìnrin ń fi í pa irun. Kò sì pa wọ́n. Kí ló dé?

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó tó ń ṣa oró kúrò nínú epo. Purotéènì ni ricin, omi ló ń yọ́ sí, kì í bá epo lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti fún kóró náà, epo á jáde, ricin á jókòó sínú ìṣẹ́kù tí àwọn tó ń po oúnjẹ adìẹ ń pè ní kéèkì. Díẹ̀ tó bá sá tẹ̀ lé epo, nínú èérún tàbí nínú omi tó kù sára kóró, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ooru omi tó ń hó bá a jà, nítorí purotéènì yìí kò lè fara da ooru. Àwọn kan rò pé ìgbẹ́ tí epo lárà ń mú ni yà jẹ́ iṣẹ́ àjẹkù oró tí wọn kò yọ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ ricinoleic acid, tó kó ìdá 85 sí 90 nínú 100 epo náà, ló ń ta ìfun jí. Ìwà epo náà nìyẹn, kò sí ìfọ̀ kankan tó lè mú un kúrò.

Ẹni tó yẹ kó bẹ̀rù ni ẹni tó ni kéèkì. Ní Bahia, ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń gbin lárà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n máa ń da kéèkì rẹ̀ sídìí òdòdó àti ewébẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀. Tí wọ́n bá po egungun lílọ̀ mọ́ ọn, ajá á gbóòórùn rẹ̀, á fi ẹsẹ̀ wú u, á jẹ ẹ́. Àwọn dókítà ẹran ibẹ̀ ti kọ̀wé nípa irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ó ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, kò sì sí oògùn kan pàtó tó ń pa oró náà.

Lórí ọ̀rọ̀ pé báwo la ṣe ń mú oró kúrò nínú epo, mo gbà pé ìbéèrè kan ló ṣíwájú gbogbo ìyókù: níbo ni oró náà ń gbé? Bó bá ń gbé inú kéèkì nìkan, iṣẹ́ kékeré ni. Bó bá ń yọ́ sínú epo, ó di iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni epo, kò sí ẹ̀rọ tó lè yọ ọ́, àfi kí àgbẹ̀ lọ wá irúgbìn mìíràn. Àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ń sọ pé gbogbo òróró ilé iṣẹ́ ni májèlé, tí ẹlòmíràn fi ń búra pé ohunkóhun tí wọ́n bá fún nílé kò lè ṣèèyàn ní ibi.

Òwú ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lé lórí jù. Ẹ fi ọ̀bẹ la kóró òwú sí méjì, ẹ óò rí àwọn tótòtó dúdú wínníwínní tó fọ́n ká inú rẹ̀. Àpò oró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gossypol ni orúkọ oró náà, òun ni igi òwú fi ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò. Màlúù tó ti dàgbà lè jẹ kóró òwú níwọ̀nba, torí pé ikùn tó fi ń jẹ àpọ̀jẹ máa ń de oró náà mọ́lẹ̀. Adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti èèyàn kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀.

Gossypol kò dà bíi ricin, ó ń bá epo jáde. Epo òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ pọ́n, ó dúdú, ó sì korò. Láti sọ ọ́ di òróró tó mọ́ gaara, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi tàbí ásíìdì díẹ̀ mú kí ohun tó ń fà bí oje inú rẹ̀ dì, wọ́n á yọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da omi kọ́sítíìkì sódà sí i. Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Gossypol ní ìwà ásíìdì, kò sì sí ásíìdì tí sódà ń fojú ire wò: àwọn méjèèjì á gbá ara wọn mú, wọ́n á bá àwọn ásíìdì ọ̀rá tó ti já kúrò lára epo di ọṣẹ dúdú kan tó ki, ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí á sì ya ọṣẹ náà sápá kan. Wọn kì í dà á nù. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń rà á. Wọ́n á fi omi gbígbóná ṣan epo tó kù, wọ́n á po amọ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ti fi ásíìdì ṣe mọ́ ọn, amọ̀ yẹn á mu àwọ̀ àti ìyókù ohun tí sódà kò mú, wọ́n á sẹ́ ẹ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á gbé e sínú àgbá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á máa fẹ́ ooru omi gba inú rẹ̀ kọjá ní ìwọ̀n ooru tó lé ní 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. David Wesson ní Amẹ́ríkà ló sọ ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí di ohun tí ilé iṣẹ́ lè gbára lé, ní nǹkan bí ọdún 1900. Nígbà tí Procter & Gamble gbé Crisco jáde lọ́dún 1911, epo òwú ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Orílẹ̀-èdè Benin, òwú Banikoara àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìhà àríwá ló ń bọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òróró tó wà lágbègbè Bohicon, òróró òwú sì pọ̀ lórí iná nílé àwọn èèyàn ibẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ dé ojú àmì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọn kò bá fọ̀ ọ́ kì í ṣe ohun tí à ń méfò. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn oníṣègùn ní Ṣáínà kíyè sí àwọn abúlé kan tí ìgbéyàwó ń wáyé níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí oyún kò dúró. Epo òwú tútù ni wọ́n fi ń se oúnjẹ níbẹ̀. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń yan kóró náà tàbí kí wọ́n fi ooru sè é kí wọ́n tó fún un, ooru á so gossypol mọ́ purotéènì inú kéèkì, kò ní bá epo wá tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un láìfi iná kàn án, oró tú jáde. Ará Ṣáínà kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó lé ní 8,000 ní gossypol láti fi fètò sọ́mọ bíbí. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan já wálẹ̀ débi pé iṣan wọn kò gbé wọn mọ́, àwọn mìíràn sì dá oògùn náà dúró tí àtọ̀ wọn kò padà sípò. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, wọ́n ti pa ètò náà tì.

Ṣé wọn kò lè gbin òwú tí kò ní oró ni? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti rí irú òwú kan ní Amẹ́ríkà tí kò ní tótòtó dúdú wọ̀nyẹn rárá, lára ewé tàbí nínú kóró. Kòkòrò àti ẹran ìgbẹ́ jẹ ẹ́ tán lóko. Keerti Rathore àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M ló wá ọgbọ́n mìíràn dá: wọ́n pa àbùdá tó ń ṣe gossypol lẹ́nu mọ́ nínú kóró nìkan, wọ́n fi ti ewé, ti ìtì àti ti òdòdó sílẹ̀ kí ó máa bá kòkòrò jà. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí gbígbìn rẹ̀ lọ́dún 2018, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀ sì gbà á wọlé lọ́dún 2019. Iṣẹ́ ọpọlọ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta òróró kọ́ ló máa jèrè rẹ̀ jù, torí sódà ti yanjú ti epo láti ọjọ́ pípẹ́. Kéèkì tó kún fún purotéènì, tí adìẹ àti èèyàn kò lè jẹ fàlàlà títí di òní, ni ohun tí wọ́n ń wá.

Lára irúgbìn rape ni ẹ ti máa rí epo tí sódà kò lè ràn lọ́wọ́. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kánádà gbin rape lọ́pọ̀ yanturu nítorí epo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin tí ooru omi ń fẹ́ sí, ó dára fún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi. Ogun parí, àgbẹ̀ ń wá ẹni tí yóò jẹ epo náà. Àmọ́ ọ̀rá kan tó ń jẹ́ erucic acid kó ohun tó lè tó ìdá 40 nínú 100 rẹ̀, àwọn eku tí wọ́n sì fi bọ́ ní yàrá ìwádìí ní ọ̀rá tó ṣù mọ́ ẹran ọkàn wọn. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì epo kúrò nínú epo? Baldur Stefansson ní Yunifásítì Manitoba àti Keith Downey ní Saskatoon gba oko lọ. Wọ́n ń ṣa irúgbìn tí ọ̀rá náà kéré nínú rẹ̀, wọ́n ń mú un gun ara wọn, títí Tower fi jáde lọ́dún 1974, tí erucic acid rẹ̀ kéré, tí oró inú kéèkì rẹ̀ náà sì kéré. Lọ́dún 1978 ni wọ́n sọ irú epo yìí ní canola, òfin lónìí sì ni pé erucic acid inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá 2 nínú 100. Kò tíì sí ẹ̀rí tó dájú pé erucic acid ti ba ọkàn èèyàn jẹ́ bó ṣe ba ti eku jẹ́. Ará Íńdíà ń fi epo músítádì tó kún fún un se ọbẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ara ìgò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fún ìfipara nìkan ni. Àwọn tó ń rà á mọ ohun tí wọ́n ń rà á fún.

Ká wá sílé. Lápálápá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yíká ilé, tí wọ́n ń fi oje rẹ̀ nu ahọ́n ọmọ tí èfù bò, mọ̀lẹ́bí lárà ni. Ó ní purotéènì olóró tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní curcin, ìyẹn náà ń dúró sínú kéèkì bíi ricin. Bó bá jẹ́ pé ó mọ bẹ́ẹ̀, a ò bá ti máa fi epo rẹ̀ dín àkàrà. Àmọ́ oró kejì wà, tó burú ju curcin lọ: phorbol ester. Epo ni ilé tirẹ̀. Ó ń bó ìfun, ó ń bó awọ ara, wọ́n sì ti rí i lára eku pé ó máa ń ran kókó jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti dàgbà. Lẹ́yìn ọdún 2000, nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo pé lápálápá ló máa rọ́pò dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbìyànjú láti mú oró yìí kúrò kí kéèkì àti epo lè wúlò fún jíjẹ. Sódà àti amọ̀ tó ń gbá gossypol dànù kò lè mú ju bí ìlàjì rẹ̀ lọ. Ooru tó tó 260 nínú àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́ ń ṣe dáadáa jù, ọtí líle tí wọ́n fi ń fọ kéèkì náà ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí ni gbogbo rẹ̀ o, kò tíì di ohun tí ẹnikẹ́ni ń tà lọ́jà fún jíjẹ.

Irú lápálápá kan wà ní agbègbè Papantla, ní Veracruz ní Mẹ́síkò, tí kò ní phorbol ester tó lè pani lára. Wọ́n máa ń yan kóró rẹ̀ jẹ níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé ká gbé e wá síhìn-ín. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ojú lásán kò lè fi kóró olóró àti èyí tí kò lóró hàn yàtọ̀, èyí olóró ló sì kún ẹ̀yìnkùlé wa. Kóró rẹ̀ ń dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe ń jẹ ẹ́ títí èébì á fi gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Kí epo lápálápá máa bá iṣẹ́ ọṣẹ àti ẹ̀rọ lọ.

Ẹ̀pà kò bí oró kankan fúnra rẹ̀. Ẹbu ló ń gbé e wá bá a, síbẹ̀ mi ò lè kọ nípa epo àti oró kí n fi ẹ̀pà sílẹ̀, torí òun là ń jẹ jù nínú gbogbo ohun tí mo ti dárúkọ. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ara kéèkì ẹ̀pà tó ti Bùràsíìlì wá. Ẹbu Aspergillus flavus ló wà lára rẹ̀, orúkọ ẹbu yìí ni wọ́n sì fi ṣẹ̀dá orúkọ oró rẹ̀, aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Tí ẹ bá fún ẹ̀pà tó ní aflatoxin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á wà nínú kéèkì, díẹ̀ á bá epo jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń lo sódà àti amọ̀ ń mú díẹ̀ yẹn kúrò débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè má rí i mọ́. Òróró tí wọ́n fún lábúlé kì í gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Agonlin, ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí kúlíkúlí ti lórúkọ. Obìnrin á yan ẹ̀pà, á bó o, á lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pò ó, á máa ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Lójijì, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ yọ létí àwo. Á gbọ́n ọn kúrò, á sè é kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ, á fi ọwọ́ yí ìṣẹ́kù rẹ̀ sí gígùn tàbí róbótó, á sì dín in nínú òróró tó ti ara rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ó sì gba agbára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀pà tó fi bẹ̀rẹ̀ bá ti ní ẹbu, kò sí ibì kankan lójú ọ̀nà yẹn tí aflatoxin ti sọnù tán: iná yíyan lè dín in kù, ooru òróró kò tó ohun tó lè pa á, kúlíkúlí sì ni ibi tó kó jọ sí. Nígbà tí gbogbo ìwé ń kìlọ̀ nípa òróró ẹ̀pà, kúlíkúlí tí ọmọ fi ń mu gàrí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò.

Ohun tí obìnrin náà lè ṣe pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ̀pà díẹ̀ nínú àpò kan ló máa ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú oró náà, àwọn tó rún, tó dúdú, tó hu ẹbu. Kí ó ṣà wọ́n kúrò, kí ó má sì kó wọn síbi kan láti fi fún epo, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe kí wọ́n má bàa pàdánù. Kí ó jẹ́ kí epo silẹ̀ dáadáa, kí ó fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ, nítorí èérún tó léfòó nínú rẹ̀ náà ń gbé oró. Ní Íńdíà wọ́n ti rí i pé bí òróró ẹ̀pà bá jókòó sínú oòrùn nínú ìgò tó mọ́ gaara, púpọ̀ nínú aflatoxin rẹ̀ á bàjẹ́, àmọ́ oòrùn yẹn kan náà ń mú kí epo tètè kan. Ìbàdàn ni ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ti wá. Ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, wọ́n kó irú ẹbu kan náà tí kò lè ṣe oró sára ọkà bàbà, wọ́n pè é ní Aflasafe. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ̀pà tó yọ òdòdó, ẹbu tí kò lóró á gba ilé mọ́ èyí olóró lọ́wọ́. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 2014.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ oró tó wá fúnra rẹ̀ ni mo ń sọ. Èèyàn náà ń ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 1998, ní Delhi, epo músítádì tí irúgbìn Argemone ti wọ̀ wú èèyàn lẹ́sẹ̀, ó dá ọkàn lágara, ó sì pa ohun tó lé ní 60. Ti Sípéènì lọ́dún 1981 ló yẹ kí gbogbo ẹni tó gbà pé ẹ̀rọ lè fọ ohun gbogbo kà. Epo rape tí wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ nìkan ni, wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ po aniline mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa jẹ ẹ́. Àwọn oníṣòwò gbé e lọ fọ̀ láti yọ aniline náà, wọ́n tà á fáwọn tálákà gẹ́gẹ́ bí òróró. Bí 20,000 èèyàn ló ṣàìsàn, ó lé ní 300 tó kú. Òróró náà mọ́ lójú, kò rùn, títí di òní wọn kò sì tíì lè nawọ́ sí èròjà kan ṣoṣo kí wọ́n sọ pé èyí gan-an ló pa wọ́n.

Àgbá gbígbóná tí mo ṣàpèjúwe níṣàájú náà ní àléébù. Tí ooru bá kọjá 200, àwọn èròjà tuntun máa ń bí nínú epo, 3-MCPD àti glycidyl ester. Ti ìkẹyìn yìí máa ń di glycidol nínú ikùn, wọ́n sì kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti fọ̀ ló ní wọn jù lọ. Láti 2018 ni òfin ibẹ̀ ti fi òpin sí glycidyl ester. Ooru àgbá yìí ló ń bí i, nítorí náà epo pupa tí wọ́n fún lábúlé, tí kò dé ilé ìfọpo rí, kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Èmi ò ní torí ìyẹn sọ pé kí wọ́n fi epo òwú sílẹ̀ láìfọ̀. Gossypol ń ṣiṣẹ́ lára láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti mọ bí wọ́n ṣe lè dín ooru náà kù kí àwọn èròjà tuntun wọ̀nyẹn má pọ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun tó ń bí mi nínú jù ni kéègì. Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, wọ́n ń tú òróró sínú kéègì tàbí ìgò omi tí ẹlòmíràn ti lò, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Tí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á bóyá wọ́n ti fọ̀ ọ́, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á ní kí ẹ wò ó bó ṣe mọ́. Ẹ wá bi í pé irúgbìn wo ni wọ́n fún un lára rẹ̀, ẹ̀pà ni, òwú ni, sóyà ni, àbí wọ́n po ó ni. Á ní òróró ni.